Káàdì Ohùn Bàbá Tíṣà

Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá Tíṣà ní Idigny, lọ́jọ́ tí mo gun alùpùpù mi lọ bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. O mọ̀ mí dáadáa, mi ò kì í purọ́ iṣẹ́. Mo sá kúrò nílé ìwé kí n tó mọ ìwé kà tán, ṣùgbọ́n láti Kétu títí dé Adakplamè, bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, èmi ni wọ́n ń wá.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti darúgbó, ó wúwo bí àpò àgbàdo. Káàdì ohùn kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọn ò ṣe mọ́, tó máa ń kó ohùn fèrè àti dùùrù pamọ́ sínú ègé dúdú mẹ́rin tó ní ẹsẹ̀ wínníwínní, kó tó kọ wọ́n jáde bí orin. Orí rẹ̀ ni Bàbá Tíṣà ti ṣe orin kan fún ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Ọmọ ti dàgbà, ó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ní orin yẹn lòun ó fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ bí orin bá ti dé ibi fèrè, ńṣe ló ń hó bí òróró gbígbóná. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kútọnu ti ní kí wọ́n lọ ju káàdì náà nù.

Bàbá Tíṣà ní, "Bàbá Ìbejì, bí kò bá ṣeé ṣe, tètè sọ fún mi kí n lọ bẹ ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí."

Mo ní ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan lórí dìsíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kó nọ́ńbà sínú ègé kọ̀ọ̀kan, kó sì padà lọ béèrè rẹ̀, bí ẹni tó fi ẹrù pamọ́ sílé ará àdúgbò. Ègé tó bá dá nǹkan mìíràn padà, òun ló ń ṣàìsàn. Ètò náà to ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ó fi àwọ̀ pupa sí 3. Mo kà á lórí káàdì: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Mo yọ ìkẹta, mo fi ègé kan ṣoṣo tí mo ní lápò rọ́pò rẹ̀. Mo tún un yẹ̀ wò. Pupa, 3. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí òógùn fi bò mí, mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ pé ọ̀ràn náà ti kọjá agbára mi.

Ìyàwó Bàbá Tíṣà fi gààrí sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn mi.

"Bàbá Ìbejì, kí ni nọ́ńbà tó wà lókè pátápátá yẹn?"

"Òdo ni, Ìyá. Òdo kò já mọ́ nǹkan kan."

"Ó já mọ́ nǹkan lójú ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Eléyìí kì í ka òní mọ́ ọjọ́ ọjà. Eyín tó dára lo yọ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ná ọjà lónìí, a ó ní ọjọ́ karùn-ún ni òmíràn, torí a ka òní mọ́ ọn. Àlejò tí kò ka òní á ní ọjọ́ kẹrin ni, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ. Àlejò ló ṣe ètò yẹn: òdo ló pe ègé àkọ́kọ́, ìkẹrin ló wá ń pè ní 3.

Mo dá ìkẹta padà sáyè rẹ̀, mo yọ ìkẹrin, mo fi tèmi síbẹ̀. Pupa pòórá. Bàbá Tíṣà tan orin náà, fèrè jáde láìhó, ìyàwó rẹ̀ sì jó padà sídìí agbada. Gààrí orí iná ti pọ́n kọjá ààlà, kò sẹ́ni tó bínú.

Ní Sátidé, bí ìyàwó tuntun ṣe ń bá orin náà wọlé, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń yíjú wò mí. Níbi oúnjẹ, wọ́n ní ọwọ́ mi dára ju ti ará Kútọnu lọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ bí mo ṣe fi ojú ara mi rí òdo náà. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu ẹran kún abọ́ mi.

Mo ṣì ń fọ́nnu, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń bá mi jiyàn báyìí, tí ẹnì kan sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, mo máa ń yíjú gbọ́ ọ. Orúkọ tí mo fi ń yangàn láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi nígbà tó pa ẹnu mọ́.