Ọkọ Mi Ló Bá Mi Kí Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi gba ipò kankan lọ́dún àkọ́kọ́ tí èmi àti ọkọ mi jọ sá eré ọ̀nà jíjìn láti Kàbà lọ sí Ìyarà, kó má bi ẹsẹ̀ mi o. Ẹsẹ̀ mi ò jẹ̀bi. Orúnkún mi ni kó bi.

Abúlé àwọn ọkọ mi wà lójú ọ̀nà yẹn gan-an. Èmi ọmọ Kàbà ni mo lọ fẹ́ ọmọ Ìjùmú. A jọ ń ṣe tísà ní Kàbà, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwárà, tí lẹ́tà ìgbéga àti lẹ́tà ìbáwí jọ ń ti Ìlọ́rin wá. Kò sí bí eléré ìje ṣe máa dé Ìyarà tí kò ní gba àárín abúlé náà kọjá. Lọ́jọ́ eré, ilé gbogbo a gbé àga síta, gbogbo ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀, ọkọ mi ni. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, ì báà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń ká eyín. Ìyàwó kì í sì í kí ọkọ lóòró.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo ṣíwájú gbogbo obìnrin nígbà tí mo wọ abúlé. Bí mo ṣe rí Bàbá, bàbá ọkọ mi, lábẹ́ igi máńgòrò, ni mo kúnlẹ̀. "Okun o, Bàbá." Ẹ kúkú mọ okun tiwa: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun, ẹni tó jókòó, okun, ẹni tó ti ọ̀nà dé, okun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àmọ́ kì í dá rìn. Bàbá béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè àwọn òbí mi, ó tún béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Kàbà. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n Bàbá. Kí n tó kí ilé kẹrin tán, obìnrin mọ́kànlá ti kọjá mi, mo sì ń jẹ eruku wọn. Ọkọ mi ti lọ tipẹ́ ní tiẹ̀. Ọmọ ilé ni, ó kàn juwọ́ sí wọn ni. Nígbà tí mo ròyìn fún un ní Ìyarà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọdún kejì lọ̀rọ̀ wá le. Ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ dé Ìyarà ni wọ́n máa mú lọ sí Ìlọ́rin, láti lọ sáré fún wa níbẹ̀. Kí n má parọ́, mo fẹ́ lọ débi pé mo ń lálàá rẹ̀. Mi ò tíì sáré rí níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ìyàwó ẹni tí mo jẹ́. Ọkọ mi náà sì fẹ́ lọ, torí ipò kẹrin ló ṣe lọ́dún tó kọjá, ó sì ń dùn ún.

Láràárọ̀, ká tó lọ sílé ìwé, a ó sáré gba ọ̀nà Ògìdì lọ, a ó sì padà. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ru igi ìdáná rí mi níwájú, ó rí ọkọ mi lẹ́yìn. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó yọ igi kan, ó dí i lọ́nà. "Kí ló ṣe fún ọ? Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!" Mo ń gbọ́ tó ń ṣàlàyé, àmọ́ mi ò padà lọ gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ eré ku ọ̀la, mo sọ fún un pé mi ò lè kọjá níwájú Bàbá bí ẹni kọjá níwájú òkìtì ọ̀gán. Ó ń nu bàtà kánfáàsì rẹ̀.

"Tísà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ìwọ ṣáà máa sá lọ. Èmi á bá ọ kí wọn."

"Ìlọ́rin tiyín ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

Mo ní kó má ṣe ohun tí ẹ̀bi rẹ̀ máa wá sórí mi lọ́la o. Ó ní kí n lọ sùn.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin méjì péré ló wà níwájú mi nígbà tá a dé abúlé. Ọkọ mi, tó yẹ kó ti wà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin iwájú, ń bá mi sá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójijì ló yọ síwájú, ó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú Bàbá. "Okun o, Bàbá! Èmi àti ìyàwó mi là ń kí yín!" Orúnkún mi ti fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo bá a ké "Okun o," mo sá lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú Bàbá. Mo ń ronú ohun tó máa sọ títí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; mo bojú wẹ̀yìn, obìnrin gíga kan ni, ó ń bọ̀ kíkankíkan. Bí mo ṣe gbàgbé Bàbá nìyẹn. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́ta ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dé Ìyarà. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́ta ti dé. Ogún dé. Ọkọ mi ò dé. Mo bá padà sójú ọ̀nà, mo ń sáré, ọ̀gá tó ń kọ orúkọ ń pariwo pé, "Ìyáàfin, eré ti parí o!"

Ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan ni mo ti pàdé rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ti kun àyà rẹ̀ dé orúnkún, iṣu ńlá kan sì wà léjìká rẹ̀.

"Ilé mẹ́jọ ni mo ti dọ̀bálẹ̀," ó ní. "O wọlé?"

"Ẹ̀kẹta."

Ó hó yèè, iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí ìbànújẹ́ níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ díẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ gbá mi láyà, mo sọ ọ́ sí i létí níbẹ̀, lójú pópó.

"Kí ni Bàbá wí?"

"Inú bí wọn. Wọ́n ní obìnrin méjì kọjá kí ìyàwó àwọn tó dé. Wọ́n ní kí ni mo ń fún ọ jẹ?" Ó sọ iṣu kalẹ̀ sí ọwọ́ mi. "Wọ́n ní kó o jẹ èyí kó o tó lọ sí Ìlọ́rin."

Mo gbá iṣu náà mọ́ra. Nígbà tí Bàbá ń gbé e jáde, mi ò tíì dé Ìyarà rárá.