Ohun Tó Ń Jẹ Ìyá Mi àti Ohun Tí Ìyá Mi Ń Jẹ

Òórùn bisikíìtì kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yan bisikíìtì ní Ọgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá sì ti ń bọ̀ nílé wa ní Ìfàkò, òórùn mi ló máa ń ṣáájú mi wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba kímò, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fi dírípù fà sí wọn lára ní ọsibítù kan ní Ìkẹjà, tí imú wọn wá ń gbọ́ òórùn gbogbo nǹkan ju bó ṣe yẹ lọ. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti máa ń pariwo pé, "Ọkọ mi, jọ̀ọ́, lọ wẹ̀ kó o tó wọlé o!" Èmi náà á yí padà sẹ́yìn ilé, á di ìdí ẹ̀rọ omi, tèmi ti báàgì.

Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ará Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, òwú àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀ ní Agége, èmi nìkan sì ni mò ń bá wọn gbé. Dókítà ní wọ́n máa gba kímò lẹ́ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra wọn, kí kókó inú ọmú wọn lè kéré kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Mo gbọ́, mo mi orí, mo sì pinnu lọ́kàn ara mi pé èmi náà máa ṣe ipa tèmi.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló tàn mí. Jẹjẹrẹ. Ẹ pè é dáadáa, kí ẹ gbọ́ bí "jẹ" ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Èmi ọ̀mọ̀ràn wá rò ó pé ohun tó bá ń jẹ, oúnjẹ ló gbé e ró; bí kò bá rí nǹkan jẹ, á kú. Kí ló wá le níbẹ̀? Ẹnì kan tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù pé ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ni àìsàn náà ń jẹ tó fi ń sanra. Ọ̀rọ̀ parí. Mo kó gbogbo wọn kúrò nílé pátápátá. Ẹ̀kọ gbígbóná tí kò ní ṣúgà, tí kò ní mílíìkì, pẹ̀lú omi ewúro, ni mò ń gbé ka iwájú ìyá tó bí mi lọ́mọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ìyá mi ò janpata. Wọ́n á mu ún, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọkọ mi."

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù títí dòní ni pé ìwọ̀n gan-an ni iṣẹ́ mi. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo máa mú páálí kan, mo máa gbé e sórí síkéèlì, bó bá sì fi díẹ̀ fúyẹ́, mo máa ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Bisikíìtì kan ò lè rù lójú mi kí n má mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń rù nínú ilé, ọrùn bùbá wọn ń ṣí sílẹ̀, òrùka ń yọ bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì gbé wọn sórí síkéèlì, ó wò ó, ó tún ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tún gùn ún. Wọ́n ti fi kílò mẹ́jọ rù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, òun náà ti lọ sílẹ̀. Dókítà ní, "Màmá, mi ò lè fún yín ní oògùn yìí lónìí. Ara yín ò ní lè gbé e." Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wọn, ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bèèrè pé ṣé kókó náà máa dúró dè wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Ẹ sáà jẹ́ kí wọ́n jẹun." Ẹ̀rù bà mí.

Wọ́n ní kí a lọ rí dókítà oúnjẹ, àgbà obìnrin ará Èkìtì kan. Ó bi ìyá mi léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìyá mi wo ojú mi. Ni mo bá gbé àyà síwájú, mo ṣàlàyé gbogbo ètò mi, bí mo ṣe ń fi ebi pa jẹjẹrẹ. Mo tiẹ̀ ń retí kó yìn mí.

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé jẹjẹrẹ ní ẹnu tiẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹnu màmá nìkan ló wà níbí. Tí wọn ò bá jẹun, ẹran ara wọn ni ara máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ṣé ebi lo fẹ́ kí wọ́n fi ja ìjà yìí ni?"

Ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu. Ṣùgbọ́n inú ìtìjú yẹn ni ìdùnnú ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà tí mo lè ṣe! Ó ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀pà, mílíìkì. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Bí ẹnu wọn bá ń ṣe wọ́n bí irin, kí wọ́n fi ṣíbí rọ́bà jẹun. Bí òórùn bá ń lé wọn, kí oúnjẹ tutù kó tó dé iwájú wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ẹ wá wo eré! Ọjà Ọgbà ni mo gbà lọ lọ́jọ́ yẹn, mo ra ẹyin, mo ra ẹja yíyan, mo ra ewùrà, nítorí ìkọ́kọrẹ́ ni ìyá mi ní kí n wá sè. Orí àga ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń pàṣẹ bí ọ̀gá sójà. Mo rin ewùrà títí ìka mi fi bó. Nígbà tó tutù, wọ́n fi ṣíbí rọ́bà bù ú, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní, "Ó kù?" Ha! Mo fò sókè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìkòkò nù. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àwọn àgbà ò parọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya wèrè. Mo ra síkéèlì sílé, àràárọ̀ ni mo ń gbé wọn gùn ún. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti di páálí bisikíìtì ni?" Èmi ò gbọ́. Bó bá fi díẹ̀ gòkè, màá ti sáré lọ sọ fún ìyá onílé. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n bi gbogbo ohun tí wọ́n jẹ, síkéèlì sì lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà ò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀la rẹ̀, ẹyin kan, ife mílíìkì kan, mọ́ínmọ́ín ìdajì, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọsibítù. Kílò méjì ti wọlé! Ẹ̀jẹ̀ náà ti gòkè! Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n fa dírípù, mo pariwo "Yéè!" débi pé nọ́ọ̀sì ní ọsibítù lèyí o, kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Bí oògùn náà ṣe ń kán wọlé, mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Màámi, ebi yẹn ń pa yín nígbà yẹn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Wọ́n pa ojú dé. "Ebi ń pa mí o. Mo tiẹ̀ ń lálàá ẹja. Ṣùgbọ́n bó o bá ti gbé ẹ̀kọ yẹn wá, ojú ẹ á máa dán. Mo ní bí mi ò bá mu ún, o máa rò pé mi ò fẹ́ wà láàyè mọ́."

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ìyá mi gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ti padà sídìí òwú àti bọ́tìnnì wọn. Wọ́n ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, èmi ò sì mọ ohun tí ọ̀la gbé dání. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé mo tọ́jú ìyá mi nígbà àìsàn wọn, wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá jókòó, mo mọ̀ pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo rò pé mò ń tọ́jú wọn yẹn, èmi ni wọ́n ń tọ́jú, tebi-tebi.