Láwùmí Ti Sọ Ọ̀rọ̀ Kẹrosíìnì Náà fún Wọn

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin Láwùmí Ikúbọlájẹ́. Sítóòfù tó fi ń se ìrẹsì nílé rẹ̀ ní Agbowó ló bú gbàmù mọ́ ọn. Wọ́n ti da bẹtiróòlù mọ́ kẹrosíìnì tó rà. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé a ò mọ̀. Láwùmí mọ̀, ó sì sọ. Àwọn tó sọ ọ́ fún ni mo ń bá wíjọ́ lónìí.

Akọ̀ròyìn ni, àmọ́ kò ní ọ̀gá, kò sì ní tábìlì níbì kankan. Fúnra rẹ̀ ló ń wá ìtàn, táá gbé e tọ olóòtú ìwé ìròyìn lọ, táá ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ ọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, ó di ọ́fíìsì mìíràn. Mo ti rí i ní Ìwó Road tó ń bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, títí ọkùnrin náà fi sọ ohun tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà ọ̀wọ́n epo ọdún tó kọjá, àtùpà bú mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lójú, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Zùwáírátù. Láwùmí wádìí ibi tó ti ra epo, ó sì rí àwọn ilé mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ló bá gba Dùgbẹ̀ lọ, sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, olóòtú ìwé ìròyìn *Afínjú*. Èmi náà wà níjókòó lọ́jọ́ náà.

Olúgbádé gbọ́ ọ tán, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì kì í ta ìwé, pé gáàsì làwọn tó ń ra *Afínjú* fi ń dáná ní Bódìjà. Ó ní kó lọ kọ nípa ìpara táwọn arẹwà fi ń para.

Láwùmí ní, "Ọ̀gá, àtùpà ńkọ́, nígbà tí iná bá lọ?"

"Láwùmí, mú ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín wá."

Nígbà tó tún lọ, Zùwáírátù fúnra rẹ̀ ló mú dání, tó fi ìborùn bo ojú tó jóná. Wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ìpàdé yẹn dùn púpọ̀, nítorí Láwùmí ní àwọn ń gbọ́ ẹ̀rín ọ̀gá náà láti ìta. Olóòtú mìíràn ní Ring Road ní òun ò fẹ́ káwọn ológun tó ń ṣèjọba wá ti ilé iṣẹ́ òun pa. Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀rù rẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí Láwùmí náà fi ra epo burúkú? Baṣọ̀run ló ń lọ rà á látìgbà náà, níbi tó gbà pé ó dára. Epo burúkú ò mọ ààlà àdúgbò.

Ní báyìí, *Afínjú* ti jáde. Àwòrán Láwùmí ló wà níwájú, wọ́n kọ "Ọmọ Ilé Wa" sábẹ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ìtàn gígùn wà lórí ayédèrú kẹrosíìnì: àwọn ilé tí Láwùmí rí, àtùpà Zùwáírátù, gbogbo rẹ̀ pátá. Orúkọ ta ló wà lókè ìtàn náà? Olúgbádé. Ó jọ pé kẹrosíìnì ti wá ń ta ìwé. Àfi kó kọ́kọ́ pa ẹni tó mú ìròyìn rẹ̀ wá.

Ìyá olóògbé, tó ti Ìkàrẹ́ wá sin ọmọ rẹ̀, ní kí n ka ìwé náà sóun létí. Nígbà tí mo kan "ọmọ ilé wa", màmá dá mi dúró.

"Ilé wo? Ṣé ilé tí wọn ò ti fún un ní àga?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, ẹ yọ orúkọ yín kúrò lórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i pé Láwùmí gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá yín nígbà tó ṣì láàyè, ẹ sì lé e padà. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ta lẹ ti mú nínú àwọn tó ń po epo? Ẹni tó ta epo fún Zùwáírátù ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo kọjá níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti tò tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì. Ta ni yóò lọ sọ fún wọn?