Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ìṣirò Mi Já Sódò Ofiki

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìṣirò mi já sínú odò Ofiki kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ẹnjiníà ni mí nígbà náà, a ń ṣe afárá lórí odò ọ̀hún. Bàbá mi ló ra ẹ̀rọ náà fún mi nígbà tí mo wọ pólì. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí mo ṣe tẹ̀ síwájú láti wo òpó afárá, ẹ̀rọ náà yọ́ bọ́ lápò mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, Làmídì, bíríkìlà wa, ti bẹ́ sódò. Omi kún, a kò sì rí i mọ́. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ìgbà tó ṣe, ó yọrí ní ìsàlẹ̀ odò, ó di ẹ̀rọ náà mú.

Ó ní, "Ẹnjiníà, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀."

Mo ní, "Làmídì, irú èyí wà lọ́jà Ṣakí. Irú ìwọ kò sí níbẹ̀."

Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo lọ ra tuntun ní Ṣakí nírọ̀lẹ́, òun náà ni mo sì fi parí ìṣirò afárá wa, láìsí àṣìṣe kankan.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Bàbá. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà Làmídì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀rọ tí mo rà ti parí iṣẹ́ tí mo rà á fún," ni wọ́n wí. "Ó ti sọ ọ́ di ẹnjiníà."