Ọmọ Ọwọ́ Nídìí Káàmẹ́rà

Òórùn àgbo ewé gúáfà ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nípa ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ fíìmù. Nílùú Oǹdó ni, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ olówó kòkó kan tí a háyà láti ya eré. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣọ́ bí nǹkan ṣe wà: bí òṣèré bá wé gèlè sápá òsì kí a tó lọ jẹun, èmi ni n óò rí i pé apá òsì náà ló ṣì wà nígbà tí a bá padà dé. Mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ká sòótọ́, ìgbéraga mi nígbà náà pọ̀ díẹ̀ ju iṣẹ́ ọ̀hún lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nínú iṣẹ́ wa, kò sí ìwé àdéhùn, kò sí ìsinmi ìbímọ, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń gbà wá. Bí obìnrin bá lóyún, wọn a kí i kú oríire, wọn a sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó dáhùn. Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi jẹ́ kí ọgbẹ́ ojú òṣèré kan kó láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ sí tòsì láàárín ìjà kan ṣoṣo, ni ọ̀gá tó ń darí eré bá ránṣẹ́ sí mi l'Àkúrẹ́. Ó ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ ní lokéṣọ̀n òun. Mo ní ó dáa, sà. Bẹ́ẹ̀ ọmú nìkan ni ọmọbìnrin mi ń mu.

Mo mú ọmọ náà àti ìyá mi dání lọ sí Oǹdó, mo fi wọ́n sí yàrá kan lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó àpò kòkó sí nígbà kan. Ìyá mi wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ kì í ṣe ẹrù òfin o." Gbogbo ìgbà tí ọmú mi bá ti kún, n óò di ikùn mú, n óò ní mo fẹ́ lọ tura. Mo rò pé mo gbọ́n, àṣé wọ́n ti gbà pé ìgbẹ́ gbuuru ló ń dà mí láàmú. Ìyá tó ń dáná fún wa se àgbo ewé gúáfà, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Àwọn oníná, àwọn tó ń tan iná sí eré, bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi nídìí oúnjẹ.

Èèyàn lè fi ọmọ pamọ́, kò lè fi ẹkún rẹ̀ pamọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń ya ibi tí ìyá àgbà inú eré ti ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé, ló ń ṣe ìyá náà. Láti àárọ̀ la ti wà lórí ìdúró. Bí omijé ṣe fẹ́ bọ́ lójú màmá báyìí ni ọmọ mi figbe ta lẹ́yìnkùlé. Kí n tó wá irọ́ tí n óò pa, omi ọmú ti rin bùláòsì mi níwájú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun.

Ọ̀gá ní, "Mo sọ fún ẹ. Lọ kó ẹrù ẹ."

Kí n tó kúnlẹ̀, tíṣà náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. "Dàrẹ́kítọ̀, ọmọ mi, ṣe sùúrù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Jẹ́ kó lọ fún ọmọ lọ́mú. Èmi ò ní dìde níbí títí ọmọ yẹn á fi yó."

Ẹni tó gbé káàmẹ́rà léjìká rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó. Àwọn oníná náà jókòó. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀gá jà. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni, kò kàn sẹ́ni tó láyà láti kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo lọ fọ́mọ lọ́mú, èmi náà ń sunkún. Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màmá sọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ náà, ọ̀gá tó máa ń ní ká tún un ṣe títí ọ̀rọ̀ á fi sú wa gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí oòrùn kan àtàrí, òun fúnra rẹ̀ ló yíjú sí mi: "Ọmọ yẹn ò ní jẹun ni?" Gbogbo wa bá jókòó. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é títí a fi kúrò l'Oǹdó, ó sì gbé àṣà náà dé ìdí àwọn eré mìíràn, kódà lẹ́yìn tí mo ti já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì báyìí. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan pè mí wá wo iṣẹ́ wọn nínú ilé kan ní Ìjàpọ̀, l'Àkúrẹ́. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí wọn gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ọmú yá." Àwọn géńdé onírùngbọ̀n gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan níbẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà náà pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mi ò mọ̀, mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Òfin ni."

Òfin tó máa dáàbò bo òṣìṣẹ́ fíìmù, a ṣì ń bẹ ìjọba fún un ni, abiyamọ púpọ̀ ló sì ń pàdánù iṣẹ́ wọn dòní. Mo mọ̀ pé ó kù. Ṣùgbọ́n orí mi wú lọ́jọ́ náà. Mo fa àga kan, mo bá wọn jókòó, mo sinmi.