Ibi Tí Ọwọ́ Màmá Mi Dé

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú pásẹ́ẹ̀jì ilé bàbá mi, níbi tí màmá mi máa ń jókòó sí lórí ẹní. Mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà títí, mo ń ṣe àmín. Nígbà tí àdúrà parí, mo ní kí n dìde, orúnkún mi ọ̀tún ké bí igi gbígbẹ, ìrora kan sì gba inú egungun lọ sókè títí dé itan. N kò lè dìde. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, mo di ògiri mú, òógùn bò mí. Ìyàwó àbúrò mi, Ìyá Kámílù, tó ń tọ́jú màmá wa, ló lọ pe obìnrin kan láti ojúlé kejì kí wọ́n tó lè jọ gbé mi sórí àga.

Màmá mi kò ríran. Àìsàn kan tí agbára omi inú ẹyinjú fi máa ń ga jù, tó sì ń pa iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀, ti gba ojú wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n etí wọn mú.

"Àṣàkẹ́, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, màmá. Ìró ló há mi lẹ́sẹ̀."

"Ìró wo ló ń mí hẹlẹhẹlẹ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi òfin lélẹ̀. "Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Orí àga ni kí o ti máa gbàdúrà." Àmọ́ orí ẹní ni wọ́n wà, orí àga ni mo wà, ẹsẹ̀ tiwọn náà kò sì lágbára láti dìde mọ́. Wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á máa fi wá orí mi nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ á sì bọ́ sórí orúnkún mi. Bí mo bá ní kí n tẹ̀ síwájú, ikùn mi á dí mi lọ́nà, èémí á há mi láyà. Wọ́n á fi ọwọ́ náà síbẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà lé orúnkún lórí.

Mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fún Ìyá Kámílù pé bí ọlà bá dé, orúnkún mi ni yóò kọ́kọ́ kọ́lé. A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, mo máa ń fi ìborùn bojú sunkún. Mo ti ní ọmọ ọmọ, irun mi ti ń funfun, síbẹ̀ ọwọ́ ìyá mi lórí mi ni mo ń wá. Màmá ń darúgbó lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ yẹn lè má kàn mí lórí mọ́ láyé.

Ní ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láti àárọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀ pé jíjókòó pẹ́ náà ní ìyà tirẹ̀. Dídìde lẹ́yìn rẹ̀ ló le jù. Nọ́ọ̀sì kan ń wọ̀n wá níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń ké iye tí ìwọ̀n bá sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì ló gbọ́ tèmi. Bàbá kan ní, "Máṣàláhù." Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni tàbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ya fọ́tò egungun mi. Dókítà fi hàn mí pé láàárín egungun itan àti egungun ẹsẹ̀, ó yẹ kí ohun kan wà tó rọ̀ tó sì ń yọ̀, tí kì í jẹ́ kí egungun fara gbo egungun. Tèmi ti jẹ tán lápá kan. Làkúrègbé ni àwọn àgbà ń pe gbogbo ìrora bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní oríkèé tó ń jẹ ni tèmi, èyí tó sì ti jẹ kì í hù padà. Oògùn tó fún mi wà fún ìrora, kì í wo oríkèé sàn. Ó ní bí mo bá ń rìn, ohun tí orúnkún ń rù ju bí mo ṣe wúwo lọ. Nítorí náà, bí mo bá fúyẹ́ díẹ̀, ìsinmi ńlá ni fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ náà á sì lọ sílẹ̀.

Bí mo ṣe di ẹrú ìwọ̀n nìyẹn. Mo ra ọ̀kan, mo gbé e sí balùwẹ̀. Ilẹ̀ balùwẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́ sí ojú ihò omi, nítorí náà ibi tí mo bá gbé ìwọ̀n sí ló ń sọ ohun tí yóò sọ. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Mo gbé e sún mọ́ ògiri, ó ṣàánú mi. Mo tilẹ̀ kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn bí ẹni fẹ́ kírun. Ibi tó bá ti sọ ohun tó dùn jù ni mo ń gbà gbọ́. Nínú oṣù ààwẹ̀ ó wálẹ̀, inú mi dùn. Kí oúnjẹ ìtúnu ààwẹ̀ tó tán nílé, ó ti gòkè padà. Bí ó bá ti gòkè láàárọ̀, gbogbo ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Obìnrin kan tó ń pàtẹ nítòsí mi ní Ọjà Igbó, níbi tí mo ti ń ta aṣọ ọmọdé, fún mi ní àgbo kan tó ní ó ń fọ ọ̀rá kúrò lára. Mo mu ún. Ìgbẹ́ gbuuru mú mi títí ojú mi fi wọnú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ̀n wálẹ̀ bí n kò ṣe rí i rí. Mo pe Ìyá Kámílù lórí fóònù, mo ní kó sọ fún màmá pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kúnlẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ṣubú lulẹ̀ láàárín aṣọ tí mo pàtẹ. Ọsibítù ni mo ti lajú, omi ń kán wọ iṣan mi. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé omi ara àti iyọ̀ ara ni mo ti dà nù, kì í ṣe ọ̀rá. Orúnkún mi ń ro mí bó ṣe ń ro mí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dán an wò.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí yàrá àwọn físíò, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbà mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ìwọ̀n sọ fún un, ó rọra dá mi dúró.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí orúnkún yín lè ṣe?"

"Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí màmá mi."

"Ẹ jẹ́ ká máa fi ìyẹn wọ̀n yín."

Ó ní ìwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi, oúnjẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ọ̀rá àti iṣan. Bí iṣan itan mi bá ń le sí i bí ọ̀rá ṣe ń lọ, ìwọ̀n lè dúró sójú kan, kí n máa rò pé asán ni mo ń ṣe. Tí mo bá wá sí ọsibítù, wọ́n á wọ̀n mí. Nílé, kí n fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, garawa omi ni mo ń gbé lé ìwọ̀n balùwẹ̀ wa. Kó máa ka ìyẹn.

Mo dín ẹ̀bà alẹ́ kù, mo pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i nínú abọ́ mi. Mo ń jókòó sórí àga, mo ń na ẹsẹ̀, mo ń ká a, mo ń dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, mo tún ń jókòó. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo kàn jókòó tí mo ń wo orúnkún náà bí ọmọ tó ya aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìwọ̀n kò sọ. Ìró tí kì í ká mi dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Òrùka tó ti há mi lọ́wọ́ láti ọdún gbọ́nhan bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Nínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tó bá jókòó tì mí kì í pòṣé mọ́.

Aráyé kò rí i bẹ́ẹ̀. Níbi tiwa, ẹni tó bá ti rù, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Àwọn oníbàárà mi á ní, "Ìyá Rọ́fíà, ṣé kò sí o? Ẹ ti gbẹ." Wọ́n dá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ṣé ìyàwó kejì ló fẹ́ gbé wọlé tí tilé fi ń rù báyìí. Màmá mi alára di apá mi mú, wọ́n fi ìka yí i ká, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Àṣàkẹ́, ta ló ń jẹ ọ́ níyà?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ mí níyà, màmá. Mo ń dín ara kù ni, kí n lè kúnlẹ̀ fún yín."

"Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Èmi ò fẹ́ ọmọ tó rù o."

Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ń gòkè. Nígbà tí mo lè tẹ̀ síwájú lórí àga, ó kúrò lórúnkún, ó dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí mo lè fi àga sílẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó dé èjìká. Kò sí ìwọ̀n tó múnú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó kan etí mi, wọ́n dì í mú, wọ́n fà á díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń fà á nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó kù díẹ̀," wọ́n ní. "Ọlọ́run á dá mi sí dè ọ́."

Ìgbà òjò ni Ìyá Kámílù pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀. Màmá ò lè gbọ́wọ́ mọ́." Àrùn rọpárọsẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ, apá ọ̀tún wọn sì kú láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, dókítà ní ọjọ́ orí wọn ti pọ̀, kí a máa tọ́jú wọn nílé. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kó aṣọ mi, kí n lè wá dúró tì wọ́n.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tẹ́ wọn sórí mátíráàsì nílẹ̀ yàrá. N kò ronú rárá. Bí mo ṣe rí wọn, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀.

"Ẹ ti kúnlẹ̀!" Ìyá Kámílù pariwo. "Màmá, Àǹtí kúnlẹ̀ o!"

Mo tẹ orí ba, mo dúró. Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi máa ń ṣàdúrà fún mi wà lórí aṣọ, kò gbéra. Wọ́n ń gbìyànjú, mo rí i, èjìká wọn mì díẹ̀. Omi jáde lójú wọn. Inú bí mi sí gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń lé ìwọ̀n kiri nínú balùwẹ̀. Mo mú ọwọ́ náà, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, mo gbé e lé orí mi, mo sì fi tèmi dì í mú síbẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ń ṣe àmín títí ohùn wọn fi dákẹ́.

Wọ́n kú kí ìgbà òjò tó parí. Nígbà tí àwa obìnrin ń wẹ̀ wọ́n, orúnkún yìí ni mo fi kúnlẹ̀ tì wọ́n nínú omi, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ipò mi. Nígbà tí a parí, mo dìde fúnra mi. N kò mọ̀ pé mo ti dìde, àfi nígbà tí Ìyá Kámílù wò mí, tó tún bú sẹ́kún.

N kò lè sọ pé mo ti sàn tán. Ohun tó jẹ lóríkèé kò hù padà. Bí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń mọ̀ kí ẹlòmíì tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti lọ sílẹ̀, mo ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ orúnkún yìí tó gbà láti tún gbé mi. Bí wọ́n bá ní kí ìwọ náà dín ara kù, wá ohun kan tí ara rẹ fẹ́ tún lè ṣe, kí o máa fi wọn ara rẹ. Kí o sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń dúró dè wá, ọjọ́ kì í dúró dè wọ́n.

N kì í kírun lórí àga mọ́. Bí mo bá ti sálámà, tí ìrun àárọ̀ parí, mo máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó dìde, orí mi á tẹ̀ síwájú. Kò sí ọwọ́ kankan tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ wọn lè dé ni orí mi wà báyìí.