Ẹ Jẹ́ Kí Agogo Náà Lù

Wúlẹ̀mọ̀tù oníṣòwò obì ti kú ní Òde Rẹ́mọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó kú ìrọ́jú. Kì í ṣe pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Àwa tí à ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́! Ilé-Ẹjọ́ Mímọ́ ti Ìjọ Adákẹ́ ló ní ká má kí i, a sì gbọ́ràn.

Orí òkè lẹ́yìn Simawa ni ilé-ẹjọ́ náà wà. Aṣọ funfun ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ fi ń bo ojú. Wọn kì í na ènìyàn, wọn kì í so ènìyàn kọ́. Aláàánú ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wí. Wọ́n á kàn pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má kí ọ, kẹ́nikẹ́ni má sì dá ọ lóhùn. Agogo kan wà lájà wọn tí ẹnikẹ́ni kì í lù. Bí o bá kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, á lu ara rẹ̀, á sì pe orúkọ rẹ. Àwọn kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ kíni lórí fóònù. Agogo gbọ́ ìyẹn náà.

Mo mọ Wúlẹ̀mọ̀tù dáadáa. Bó bá gbé obì wá sí Òfin níbi tí mo ń gbé, kì í tètè dé ibi tó ń lọ, torí kò lè kọjá lára ènìyàn lásán. Á sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ kó tó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lóṣù tó kọjá. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bó bá pàdé ewúrẹ́, á béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Á ní ṣé ewúrẹ́ kì í bímọ ni. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, ikú rẹ̀ sì ń dùn mí.

Kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ti dá Mọ́ṣúdù, aládùúgbò rẹ̀, lẹ́bi torí pé ó rẹ́rìn-ín níbi àdúrà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Mọ́ṣúdù kú. Gbogbo àdúgbò tilẹ̀kùn. Wúlẹ̀mọ̀tù nìkan ló wọlé tọ̀ ọ́ lọ, tó dì í lọ́wọ́ mú, tó ní ó kú ìrọ́jú. Agogo lù. Àwọn adájọ́ bi í pé kí ló rí sọ.

"Ọmọ rẹ̀ kú," ló fi dá wọn lóhùn. "Kí lẹ fẹ́ kí n wí fún un?"

Títí dòní wọn ò tíì dáhùn. Wọ́n kàn dá òun náà lẹ́bi, títí ayé.

Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí àwọn tó ń wolẹ̀ kọjá. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, Tàjúdéènì bàbá Ridwanullah, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé àwọn méjèèjì, ń gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Ridwanullah" ló ń wí láti orí ẹní, tí ohùn náà ń lọ sílẹ̀. Tàjúdéènì mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń tọrọ. Ó fi aṣọ borí.

Kàúsárà ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù ti Ṣàgámù dé, ó bá a lókùú. Ilé-ẹjọ́ ní ìdájọ́ àwọn kò parí síbi ikú: ká má gbé òkú, ká má kí ọmọ òkú. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òkú tún fẹ́ dá? Ọlọ́run wo ni ìkíni ń dí létí? Mọ́ṣúdù, tí kò ní ohun tí wọ́n tún lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ọmọ náà gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yin adájọ́, ẹ ṣí aṣọ lójú. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá sí Òde Rẹ́mọ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ dárúkọ ara yín. Ẹ dáhùn ohun tí Wúlẹ̀mọ̀tù bi yín, kí ẹ sì fagi lé ìdájọ́ náà lójú ibojì rẹ̀.

Tàwa ńkọ́? Ẹnì kan ló kí Mọ́ṣúdù, ni agogo fi rí orúkọ kan pè. Bí gbogbo Rẹ́mọ bá kí i, ìgbà wo ló máa pè wá tán?

Kí ó ti orí mi bẹ̀rẹ̀. Adéyọ̀sọ́lá lorúkọ mi, ilé mi ní Òfin kò ṣòroó mọ̀. Mọ́ṣúdù, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Kàúsárà, o kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ.